Ẹ̀yin tó ń lọ mu wáìnì ní Stellenbosch

Láti àárọ̀ ni ẹ ti ń bi mí nípa ìgbà tó yẹ kí ẹ lọ àti bí ẹ ó ṣe ṣe é, ẹ jẹ́ kí n dá gbogbo yín lóhùn níbí. Nǹkan bí 50 kìlómítà ni Stellenbosch, ìlú wáìnì ní South Africa, sí Cape Town. Oṣù kejì sí ìkẹta ni wọ́n ń kórè àjàrà gan-an. Ẹ ó rí iṣẹ́ lójú, àmọ́ oòrùn á mú, èrò á sì pọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kí ẹni tó pọn ọtí ráyè bá yín sọ̀rọ̀, oṣù karùn-ún ló dáa jù.

Ọgbà wáìnì mẹ́ta ti tó lóòjọ́, ẹ sì gba àyè sílẹ̀ ṣáájú. Ẹni tó bá kó márùn-ún pọ̀, ahọ́n rẹ̀ ti kú kó tó dé ìkẹrin, gbogbo wáìnì pupa á wá di ọ̀kan náà lẹ́nu rẹ̀. Ẹ tọ́ wáìnì wò, kí ẹ tu ú sínú korobá orí tábìlì. Kì í ṣe àrífín o, ohun tí wọ́n gbé e síbẹ̀ fún nìyẹn. Ẹ tọ́ Pinotage, wáìnì pupa tí wọ́n ń fi àjàrà Pinotage ṣe, wò dandan. Stellenbosch ni wọ́n ti dá irú àjàrà yẹn sílẹ̀ ní 1925.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ló le jù. Ọtí inú ẹ̀jẹ̀ awakọ̀ kò gbọdọ̀ dé 0.05 gíráàmù nínú 100 mílílítà, ife méjì sì lè gbé yín kọjá ibẹ̀. Ẹ háyà awakọ̀, tàbí kí ẹ wọ tráàmù wáìnì ti Franschhoek, ìlú tó wà nítòsí, tó ń gbé èrò láti ọgbà kan dé òmíràn.

Ẹ má fi ìgò sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tí oòrùn ń pa: ooru á ti kọ́ọ̀kì sókè, ọtí á bàjẹ́. Ìgò 75cl mẹ́fà á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlógíráàmù 8, ẹ yáa fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ nínú àpótí ńlá.