Píkọ́ọ̀pù Mi Lóṣòó ní Òṣu

Owó ríìmù ò dùn mí. Owó nọ́ọ̀tì ló dùn mí, òun náà ló sì kó mi sí wàhálà.

Hilux mi ti dàgbà. Ọdún 1994 ni wọ́n ṣe é, ríìmù onírin tó bá a wá ló ṣì wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀, ó sì ti dógùn-ún débi pé àwọn ọmọ àdúgbò wa ní Iléṣà ń pè é ní Bàbá Onírùngbọ̀n Pupa. Mo fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí àbúrò mi fẹ́ lọ dána ní Ilé-Ifẹ̀, tí ẹbí ní ọkọ̀ mi ni yóò kó iṣu 42 àti ẹrù yòókù, mo ní ká má rí i! Ọmọ Ìjẹ̀ṣà kan kì í fi rùngbọ̀n pupa lọ bá àna.

Ni mo bá lọ ra ríìmù álọ́ì mẹ́rin tí wọ́n tú lára Hilux Vigo, tòun ti táyà. Mi ò kì í ṣe òpè nídìí táyà o. Mo tan iná fóònù sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo wá nọ́ńbà mẹ́rin tó máa ń gbẹ̀yìn kóòdù DOT tí wọ́n tẹ̀ sára táyà. 3823. Ìyẹn ni pé ọ̀sẹ̀ 38 nínú ọdún 2023 ni wọ́n ṣe é. Gbogbo ẹni tó dúró níbẹ̀ ni mo ṣàlàyé ẹ̀ fún, títí kan ìyá tó ń ta ẹ̀pà. Mo ka ihò ríìmù, ó pé mẹ́fà. Bóòtù ọkọ̀ mi náà, mẹ́fà. A gbé e sí họ́ọ̀bù, ó wọlé wẹ́rẹ́.

Bí mo ṣe ń ka owó ni ọkùnrin tó ń tà á gbé náílọ́ọ̀nù dúdú kan lé orí tábìlì. "Alàgbà, nọ́ọ̀tì ẹ̀ rèé, 24. Ẹgbẹ̀rún kan náírà lọ́kọ̀ọ̀kan."

"Mo ní nọ́ọ̀tì nílé."

"Tilé yẹn ò lè bá eléyìí ṣe, sà."

Mo rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ ṣáà mọ ohun tí wọ́n máa ń sọ nípa wa: Ìjẹ̀ṣà ò rídìí ìṣáná, ilé lọmọ Ọwá ti ń múná roko. Èmi náà mú nọ́ọ̀tì láti ilé.

Alẹ́ Jímọ́ọ̀ ni mo dè é fúnra mi. Mi ò fún un yípo bí ẹni ń sín ìlẹ̀kẹ̀, mo fún èyí, mo fò lọ bá èyí tó kọjú sí i, bí àwọn tó mọṣẹ́ ṣe ń ṣe. Mo tún wá gun sípánà náà lẹ́sẹ̀ méjèèjì, mo fò sókè lẹ́ẹ̀mẹta. Ìyàwó mi ní ṣé ọkọ̀ ni mò ń tún ṣe ni àbí egúngún ló gùn mí.

Láàárọ̀ Sátidé, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, Ìyá Àgbà, jókòó níwájú, gèlè wọn ń kan òrùlé ọkọ̀. Iṣu, oyin, orógbó àti àwọn ọmọkùnrin méjì wà lẹ́yìn. A ò tíì rìn jìnnà sí Iléṣà tí nǹkan fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún: gbọ̀, gbọ̀, gbọ̀.

"Ta ló ń gúnyán lẹ́yìn ọkọ̀?"

"Iṣu ló ń mì, mà."

Mo yí rédíò sókè. Sítíárìn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lọ́wọ́ mi. Ìyá Àgbà na ọwọ́, wọ́n pa rédíò. "Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, n ò tíì rí iṣu tó ń gún ara ẹ̀. Dúró!"

A ti wọ Òṣu nígbà náà. Mo rọra yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ọkọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró tán, àfi gbìì! Wíìlì ẹ̀yìn lápá òsì ti bọ́, ó fẹ̀yìn ti fẹ́ńdà bí ọmọ tí wọ́n lù. Ìdí ọkọ̀ bà sílẹ̀, imú ẹ̀ wà lókè, iṣu sì ń yí lọ sínú kòtò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìyá Àgbà sọ̀ kalẹ̀, wọ́n wo ọkọ̀ náà látòkè délẹ̀. "Òṣómàáló! Ta ló jẹ ọ́ lówó ní Òṣu?"

Ọkọ̀ mi ti lóṣòó bí àwọn Ìjẹ̀ṣà àtijọ́ tó ń sin owó lọ́wọ́ onígbèsè. Gbogbo ará ọjà tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ni mi ò rí i rò.

Ọ̀dọ́mọkùnrin fọkanáísà kan tó wà nítòsí ló ṣàlàyé. Ó mú nọ́ọ̀tì mi kan tó ṣẹ́kù dání. "Dádì, ẹ wo ẹnu ẹ̀, ó ṣóńṣó bí ìdí òkòtó. Ihò ríìmù onírin náà rí bẹ́ẹ̀, wọ́n á wọnú ara wọn, wọ́n á dì. Ihò álọ́ì yín yìí tẹ́ pẹrẹsẹ lẹ́nu, nọ́ọ̀tì ọlọ́rùn gígùn tó ní wọ́ṣà ló ń lò. Ẹ̀gbẹ́ lásán ni òkòtó yín kàn ń gé jẹ." Ó ní bí mo ṣe fò lórí sípánà yẹn gan-an ló bà á jẹ́ sí i. Ta ló sọ fún un pé mo fò? Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ ni o.

Ihò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti fẹ̀ bí imú ẹlẹ́dẹ̀. Ríìmù náà ti lọ nìyẹn. Mo pe ọkùnrin tó tà á fún mi. Kò bú mi, ó kàn rẹ́rìn-ín pẹ́ títí káàdì mi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ọlọ́kadà ló gbé nọ́ọ̀tì wá, nínú náílọ́ọ̀nù dúdú ọjọ́sí. Kò tiẹ̀ tíì tú u. Mo san owó nọ́ọ̀tì 18 fún ríìmù álọ́ì mẹ́ta tó kù, mo san owó ọ̀kadà, mo san owó fọkanáísà. Sípíà wa, ríìmù onírin àtijọ́, Onírùngbọ̀n Pupa fúnra ẹ̀, la fi sí ẹsẹ̀ tó bọ́, pẹ̀lú àwọn nọ́ọ̀tì òkòtó mi. Orí òun ni wọ́n ti wúlò. Fọkanáísà ní ká rọra máa lọ, torí àwọn ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ò ga bákan náà mọ́, ká sì tún gbogbo nọ́ọ̀tì fún bí a bá dé Ifẹ̀. A rìn bí ọkọ ìyàwó tó tiro.

Wákàtí méjì la fi pẹ́. Alága ìjókòó bù wá ní owó ìtanràn, ó sì ní ká ṣàlàyé ohun tó dá wa dúró lójú gbogbo èèyàn. Mo ti ń wá irọ́ tó bójú mu. Ìyá Àgbà ti dìde. Wọ́n gbé ìró sókè díẹ̀, wọ́n lóṣòó sáàárín àgọ́, wọ́n gbé imú sókè: "Bó ṣe ṣe nìyí."

Onígángan gbà á lẹ́nu wọn lójú ẹsẹ̀.

Títí dòní, bí mo bá pe àwọn àna wa lórí fóònù, wọn kì í kọ́kọ́ béèrè ilé. "Bùrọ̀dá, ṣé ó ti dìde?"