Ẹ̀yìn tó ń dunni ò nílò ipá

Ẹ̀yin tá a jọ ń ṣe iṣẹ́ care nílẹ̀ òyìnbó, tẹ́ ẹ ń gbé arúgbó dìde tẹ́ ẹ ń gbé wọn jókòó láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ ka èyí. Ọdún kẹta mi ní Manchester ni mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan kí n wọ ìbọ̀sẹ̀ fún màmá kan, bí mo ṣe ní kí n dìde báyìí, ẹ̀yìn kọ̀.

Mo wá chiropractor lọ, ìyẹn àwọn tó ń fi ọwọ́ tọ́jú ẹ̀yìn, ọrùn àti oríkèé. Èyí tí mo kọ́kọ́ lọ bá ò bi mí ní nǹkan kan. Ó ní kí n dùbúlẹ̀, ó di orí mi mú, ó lọ́ ọrùn mi lójijì, ó dún pá! Èmi náà gbà pé bó ṣe dún yẹn ni iṣẹ́ ti parí, pé eegun ti padà sáyè ẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Afẹ́fẹ́ tó wà nínú omi oríkèé ló ń dún, bí ìgbà téèyàn fa ìka. Ọjọ́ mẹ́rin ni mi ò fi lè yí ọrùn, ẹ̀yìn tí mo tìtorí ẹ̀ lọ sì wà bó ṣe wà.

Sìsítà kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ló mú mi lọ sọ́dọ̀ chiropractor míì, obìnrin òyìnbó kan. Kó tó fọwọ́ kàn mí rárá ló ti ń bi mí: ṣé ẹsẹ̀ ń kú? ṣé abẹ́ ń kú tìrìrì? ṣé ìtọ̀ ń bọ́ láìmọ̀? ṣé mo ń rù? ṣé ibà ń ṣe mí? Ó ní tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ọsibítù ló máa ní kí n lọ lójú ẹsẹ̀. Ó wá ní kí n dojú bolẹ̀, ó ti tìmùtìmù líle méjì tó rí bí igi tá a fi ń há ilẹ̀kùn sábẹ́ ìbàdí mi, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, ó sì fi mí sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìwúwo ara mi fúnra ẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́. Mo gbọ́ tí ẹ̀yìn ń tú díẹ̀díẹ̀, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn lọ.

Ohun tó ṣàlàyé fún mi ni pé iṣan tó ti ń dunni ti wà lójúfò, téèyàn bá tún já a lójijì, ṣe ló máa sunkì sí i. Torí náà, yálà kéèyàn lọ jẹ́jẹ́ títí ara á fi túra sílẹ̀ fúnra ẹ̀, tàbí kó ṣe é kékeré kó sì yá kíá, tí iṣan ò fi ní ráyè ta kò ó. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní Activator, irinṣẹ́ kékeré tó ní sípíríǹgì nínú, Arlan Fuhr àti Warren Lee ló ṣe é ní Amẹ́ríkà láàárín 1960 sí 1970. Ó gbé e lé ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn mi, ó dún kẹ́, ó tán. Gbogbo ìgbà ló ń béèrè pé, “Ṣé kí n máa lọ?”

Kò sọ fún mi pé òun á wò mí sàn o. Ó fún mi ní eré ìdárayá mẹ́ta, ó ní ìyẹn gan-an ni iṣẹ́ ńlá, ọwọ́ òun kàn ń ràn án lọ́wọ́ ni.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ kọ́kọ́ wá orúkọ ẹni náà nínú ìwé General Chiropractic Council, àjọ tó ń forúkọ àwọn chiropractor sílẹ̀, òfin 1994 ló dá wọn sílẹ̀, ẹni tí ò sí níbẹ̀ ò lẹ́tọ̀ọ́ láti pe ara ẹ̀ ní chiropractor ní Britain. Ẹ sọ fún un pé ẹ ò fẹ́ kó lọ́ ọrùn yín, torí ó ṣọ̀wọ́n lóòótọ́, àmọ́ ó ti ṣẹlẹ̀ rí tí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ tó gba ọrùn lọ sí ọpọlọ ya. Tó bá bínú sí i, ẹ wọ bàtà yín.

Màmá tí mò ń wọ ìbọ̀sẹ̀ fún ṣì wà níbẹ̀. Orí àpótí kékeré kan ni mo máa ń jókòó sí níwájú ẹ̀ báyìí, á gbé ẹsẹ̀ lé mi nítan.