Fáànù iná lórí ẹ́ńjìnnì buggy wa

Ẹ̀gbọ́n mi sọ fún mi pé kí n má fi fáànù iná sí ẹ́ńjìnnì buggy wa, mi ò gbọ́. Ẹ́ńjìnnì Ìjàpá Volkswagen ló wà lẹ́yìn buggy tí a fi ń sáré lórí iyanrìn Glamis, ní California níbí. Kò lo omi, kò ní rédíétọ̀. Afẹ́fẹ́ ló ń tù ú. Bẹ́líìtì ló ń yí fáànù rẹ̀, ó sì ń jẹ nínú agbára ẹ́ńjìnnì. Agbára yẹn ni mo fẹ́ gbà padà. Mo tú fáànù náà, mo de fáànù iná méjì, irú ti rédíétọ̀, mọ́ ọn.

Kò pẹ́ tí a gun òkè kejì tí òórùn ọ́ìlì tó ń jóná gba imú wa. A dúró. Mo na ọwọ́ sókè ẹ́ńjìnnì: atẹ́gùn ń ta padà sí mi lójú. Mo na ọwọ́ sísàlẹ̀: ooru lásán, kò sí atẹ́gùn rárá! Irin pẹlẹbẹ tó wà lára sìlíńdà, ibi tí epo ti ń jó nínú ẹ́ńjìnnì, fún pọ̀ bí eyín ìyarun. Àfi kí nǹkan ti afẹ́fẹ́ gba àárín wọn tipátipá. Fáànù rédíétọ̀ ò lágbára láti tì í bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ò bá mi wí. Ó ní, "Àbúrò, jẹ́ kó tutù ná." Láàárọ̀ yìí la dá fáànù bẹ́líìtì padà, pẹ̀lú páànù tó ń darí afẹ́fẹ́ rẹ̀.