Tí nǹkan bá dà sórí láptọ́ọ̀pù yín, ẹ má tàn án wò

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ wà ní Tanke, ní Òkè-Odò àti gbogbo ibi táwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé n'Ílọrin, ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nínú mi, ó sì ń dùn mí gan-an torí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ọ̀sẹ̀ tá ò ní rí ẹni tó máa gbé láptọ́ọ̀pù tó ti sun inú ìrẹsì wá bá àwa tá à ń tún un ṣe.

Ọdún tí mò ń kọ project ni tèmi ṣẹlẹ̀. Alẹ́ ni, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú iná dé, mo sáré ki ṣájà bọ̀ ọ́, mo wá mú sóbò inú ọ̀rá tó tutù dáadáa, mo fi eyín gé igun ẹ̀, ló bá tú sórí kíbọọ̀dù, àárín G àti H ló ti ń wọlé, ojú mi ló ṣe ń rì lọ sábẹ́ bọ́tìnnì. Láptọ́ọ̀pù ò kú o. Ohun tó tàn mí jẹ nìyẹn. Mo fi tówẹ́ẹ̀lì nù ún, mo ń tẹ̀ ẹ́ lọ, mo fẹ́ parí chapter four, ó tó bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kó tó kú fúnra ẹ̀. Ẹni tá a jọ ń gbé yàrá ní ká rì í mọ́ ìrẹsì, pé á fa omi ẹ̀ jáde, a rì í mọ́ ọn mọ́jú. Láàárọ̀ mo ki ṣájà bọ̀ ọ́, iná kékeré ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ tàn, inú mi dùn, kí n tó ṣẹ́jú, òórùn nǹkan tó jóná ti gba gbogbo yàrá.

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tún láptọ́ọ̀pù ṣe ní Challenge. Wọ́n ní kí ló ṣe é, mo ní ó kàn ṣàdédé kú ni. Irọ́ yẹn ń dùn mí títí dòní, torí odindi ọjọ́ méjì ni ọ̀gá fi ń yẹ ṣájà àti bátìrì wò kó tó tú u palẹ̀. Ìgbà tó yọ kíbọọ̀dù, sóbò ti gbẹ bí oyin mọ́ bọ́ọ̀dù, ìyẹn pátákó inú ẹ̀ tí iná ń gbà kọjá, èèrà ti débẹ̀, ìyẹ̀fun ìrẹsì ti lẹ̀ mọ́ fáànù, ìdí àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi òjé lẹ̀ mọ́ bọ́ọ̀dù ti ń yọ àwọ̀ ewé. Ọ̀kan ti dúdú, ó ti là.

Ibi tí mo ti ń lọ jókòó dúró de tèmi ni mo ti padà kọ́ṣẹ́. Ohun tí ọ̀gá là yé mi ni pé omi nìkan kọ́ ló ń pa láptọ́ọ̀pù, iná tó pàdé omi nínú ẹ̀ ni. Ṣájà ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù ń gbé nǹkan bíi 19 volts wọlé, bẹ́ẹ̀ processor, tó dà bí ọpọlọ ẹ̀, ò lò ju nǹkan bíi 1 volt lọ, bọ́ọ̀dù ló ń bu iná yẹn kù kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Tí sóbò bá wá so ọ̀nà méjèèjì pọ̀, iná ńlá á ya bo ibi tí ò lè gbé e. Tí ò bá tiẹ̀ jó lójú ẹsẹ̀, á máa dípẹtà díẹ̀díẹ̀.

Torí náà, bó bá ṣe dà báyìí, ẹ má wò ó pé ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Ẹ paná lára ògiri, ẹ yọ ṣájà, ẹ tẹ bọ́tìnnì tẹ́ ẹ fi ń tàn án mọ́lẹ̀ tó bíi 10 seconds títí ojú ẹ̀ á fi ṣú. Tí bátìrì ẹ̀ bá ṣeé yọ látẹ̀yìn, ẹ yọ ọ́. Ẹ ṣí i, ẹ dojú ẹ̀ délẹ̀ bí òrùlé ilé sórí aṣọ, kó máa kán síta. Ẹ má gbọ̀n ọ́n, ẹ má sì fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ irun fẹ́ ẹ.

Bátìrì àwọn tuntun wà nínú, súkúrúù ni wọ́n fi dè é, ìdí nìyẹn tí "mo ti pa á" ò fi tó, iná ṣì wà lára bọ́ọ̀dù. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tú u kíákíá, kí wọ́n yọ wáyà bátìrì kúrò lára bọ́ọ̀dù, kí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó rọ̀ àti isopropyl alcohol 99%, ìyẹn ọtí ìfọ-nǹkan tó ń tètè gbẹ, fọ bọ́ọ̀dù. Ẹ béèrè èyí tí wọ́n fẹ́ lò, torí èyí tó bá jẹ́ 70%, omi ló kún ìyókù ẹ̀.

Ìrẹsì ńkọ́? Wàláhì, kì í fa nǹkan kan jáde lábẹ́ kíbọọ̀dù. Kódà nígbà ọyẹ́ tí aṣọ ń gbẹ kíákíá, omi lè gbẹ o, ṣúgà ò ní lọ, ibẹ̀ ló máa lẹ̀ mọ́.

Project mi ò ṣègbé ṣá. Ọ̀gá yọ hard disk, ìyẹn ibi tí iṣẹ́ wà nínú ẹ̀, ó fi sínú case tó ní USB, ó ki í bọ láptọ́ọ̀pù tiẹ̀, chapter four mi jáde, mo sunkún níbẹ̀. Àmọ́ àwọn láptọ́ọ̀pù tuntun kan wà tí wọ́n fi òjé lẹ ibi tí iṣẹ́ wà mọ́ bọ́ọ̀dù, kò ṣeé yọ, ẹ yáa máa fi iṣẹ́ yín sí Google Drive kẹ́ ẹ tó sùn.

Ọmọbìnrin kan gbé tiẹ̀ wá lẹ́nu àìpẹ́ yìí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, tíì ni, mo fi mílíìkì àti ṣúgà sí i, aago mẹ́sàn-án alẹ́ àná ló dà, mo yọ bátìrì, mi ò tíì tàn án." Mo kí i kú làákàyè. A fọ bọ́ọ̀dù ẹ̀, a fi sílẹ̀ mọ́jú, kíbọọ̀dù nìkan la pààrọ̀, òun ló ń lò títí di bá a ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí.