Ẹ Wo Bí Ajá Yín Ṣe Dùbúlẹ̀ Kí Ẹ Tó Gbé Oúnjẹ Fún Un

Lọ́pọ̀ ilé ní Ìlọrin, ajá kì í wọ yàrá. Nítorí ìrun àti ìmọ́tótó, ẹnu géètì tàbí ẹ̀yìnkùlé ni ibùsùn rẹ̀, ọwọ́ wa kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ kàn án lára. Ojú la fi ń tọ́jú rẹ̀. Láàárọ̀, kí n tó gbé abọ́ Sùúrù, ajá wa, jáde, mo máa ń kọ́kọ́ dúró wo bó ṣe dùbúlẹ̀. Ohun tó kọ́ mi ní àṣà yìí jẹ́ ohun tó ń pa àwọn ọmọdé lẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ kejì Iléyá ni, ládùúgbò wa ní Adéwọlé. Ẹran àgbò pọ̀ káàkiri, gbogbo ẹni tó bá sì ń kọjá ló ń ju ọ̀rá àti egungun sí Sùúrù. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó na ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì, ó fi àyà lélẹ̀, ó gbé ìdí sókè. Àwọn ọmọ ń pariwo pé, “Ẹ wá wò ó, Sùúrù ń dọ̀bálẹ̀ kí Bàbá Àlájì!” Bàbá ọdẹ tó ń ṣọ́ àdúgbò wa, ará Igbómìnà láti ìhà Òmù-Àrán, ló dúró tí kò rẹ́rìn-ín.

“Ọmọ mi, ajá yìí ò ṣeré o. Wo ìrù rẹ̀.”

“Bàbá, kí ló ṣe ìrù rẹ̀?”

“Ajá tó ń ṣeré kì í gbàgbé ìrù. Inú ló ń run ún.”

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ajá tó fẹ́ ṣeré náà máa ń ṣe báyìí, ṣùgbọ́n kì í pẹ́: ìrù ń fì, ojú ń dán, kí ẹ tó ṣẹ́jú ó ti fò sókè. Ti Sùúrù pẹ́. Ó ṣe é, ó dìde, ó rìn díẹ̀, ó tún padà ṣe é. Ẹ̀yìn rẹ̀ le gbagidi. A gbé oúnjẹ fún un, ó gbóòórùn rẹ̀, ó yíjú kúrò. Lóru, ó bì.

Láàárọ̀ a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ìlọrin. Ohun tó jẹ ni dókítà kọ́kọ́ bèèrè. Ọ̀rá àjẹjù lè mú kí pancreas ajá wú, ìyẹn ẹ̀yà ara tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpòlúkù, tó ń ṣe omi tó ń da oúnjẹ. Ìrora rẹ̀ le gan-an, gbígbé ìdí sókè ló sì ń fún ikùn láàyè díẹ̀. Wọ́n fa omi sí i lára, wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ tó ń pa ìrora àti èyí tó ń dá èébì dúró, ara rẹ̀ sì yá. Láti ìgbà náà, bí Iléyá bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, mo máa ń lọ bẹ àwọn aládùúgbò láti ojúlé dé ojúlé: ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ju ọ̀rá sí i, ẹ má sì ju egungun sísè, torí ó máa ń fọ́ ṣóńṣó, ó lè gún ìfun.

Ọ̀pọ̀ ìdùbúlẹ̀ tó ń yani lẹ́nu kì í ṣe àìsàn rárá. Lásìkò ọyẹ́, ajá á ká jọ, á fi ìrù bo imú kí ooru ara rẹ̀ má bàa jáde. Nínú oṣù kẹta, tí oòrùn Ìlọrin bá ń ta ni lára, á na ẹsẹ̀ ẹ̀yìn sẹ́yìn bí ọ̀pọ̀lọ́ lórí símẹ́ǹtì tútù, tàbí kó fẹ̀yìn lélẹ̀, kó gbé ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sókè. Irun ikùn rẹ̀ kò pọ̀, ibẹ̀ ni ooru ń gbà jáde. Ajá tó bá ṣí ikùn sílẹ̀ báyẹn lójú oorun, ọkàn rẹ̀ balẹ̀ nílé yín. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ àgbà ajá ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń na ẹsẹ̀ sẹ́yìn, tí ìdìde sì ń nira fún un, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ìbàdí rẹ̀ wò. Èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n, tó ń gbó kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lójú oorun, àlá ló ń lá. Ẹ pè é, á jí. Gìrì yàtọ̀: ara á le, itọ́ á máa dà, ẹ ó pè é títí kò ní gbọ́.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni ajá tó kọ̀ láti dùbúlẹ̀. Ilẹ̀ ti ṣú, oorun ń kùn ún, síbẹ̀ ó jókòó, ó na ọrùn síwájú, ó ya ìgbọ̀nwọ́ méjèèjì kúrò lára. Èémí ló ń wá. Omi lè ti kún àyà tàbí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, ọkàn rẹ̀ lè máa ṣàìsàn. Ẹ̀fọn pàápàá máa ń gbé aràn kan sí ajá lára, tó ń gbé nínú ọkàn àti iṣan ẹ̀jẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró. Nígbà tí ajá yín bá sùn fọnfọn, ẹ ka iye ìgbà tó mí láàárín ìṣẹ́jú kan. Ó yẹ kó dín ní 30. Bó bá ń kọjá bẹ́ẹ̀ léraléra, ẹ pe dókítà.

Ajá tó bá sì tẹ orí mọ́ ògiri, tí kò kúrò níbẹ̀, ọpọlọ tàbí ẹ̀dọ̀ ló lè máa dà á láàmú, ó sì lè jẹ́ májèlé. Ẹ má fọwọ́ sún mọ́ ẹnu rẹ̀, pàápàá bí kò bá tíì gba abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi.

Mo bẹ̀ yín, bí ajá bá ń kérora, ẹ má sáré mú epo pupa. Epo tí a fi tipátipá dà sí i lọ́fun lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ. Ẹ má fún un ní ibuprofen tí ẹ̀ ń lò fún ara yín. Ó lè dá egbò sí i nínú, kó sì ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́. Fóònù ni kí ẹ mú, kí ẹ fi ya fídíò rẹ̀. Ẹ̀rù máa ń mú kí ajá nàró níwájú dókítà, kó má ṣe ohun tó ń ṣe nílé.

Ọ̀kan ṣoṣo ni mi ò ní ní kí ẹ dúró ya fídíò rẹ̀. Bí ikùn ajá bá wú, pàápàá ajá ńlá tí àyà rẹ̀ jìn, tó ń gbìyànjú láti bì tí nǹkan kan kò jáde, tó ń dìde tó ń jókòó, àpòlúkù rẹ̀ lè ti yí po. Láàárín wákàtí díẹ̀ ó lè kú. Ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́. Bí ẹ ṣe ń gbé e sínú ọkọ̀ ni kí ẹ ti máa pe dókítà, kí wọ́n lè máa palẹ̀ mọ́ dè yín.