Aṣọ òkè tí mo fẹ́ fi gíláàsì ṣe

Mo ti pinnu ẹ̀ lónìí, aṣọ òkè ni mo fẹ́ fi gíláàsì ṣe, òdòdó àti labalábá tó kún inú Pinterest, mo ti fi wọ́n sílẹ̀ fún àwọn tó bá wù. Ẹ tiẹ̀ wò ó dáadáa, aṣọ òkè àti gíláàsì tí wọ́n ń yọ́ pọ̀ nínú kílìnì, ìyẹn ààrò tó ń gbóná gan-an, jọra gan-an, tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni méjèèjì, èèyàn á tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, abẹ́rẹ́ ló ń so ti aṣọ pọ̀, iná ló ń so ti gíláàsì.

Ètù ni mo máa kọ́kọ́ ṣe. Gíláàsì búlúù tó dúdú dáadáa, méjì lórí ara wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan 3 mm, kó lè jẹ́ 6 mm, torí tí ò bá nípọn tó bẹ́ẹ̀, tó bá ti yọ́ tán ó máa súnkì ni, etí ẹ̀ á wá rí wúruwùru. Kóbọ́ọ̀tì ló ń fún gíláàsì ní irú búlúù yẹn, òun náà ló sì wà nínú ìlẹ̀kẹ̀ búlúù tí wọ́n hú jáde ní Igbó Olókun ní Ilé-Ifẹ̀. Abídèmí Babalọlá àtàwọn èèyàn ẹ̀ walẹ̀ níbẹ̀ ní 2011 sí 2012, ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n rí lé ní 12,000, àti àfọ́kù ìkòkò tí gíláàsì ṣì lẹ̀ mọ́ nínú. Kí òyìnbó kankan tó dé etíkun wa làwọn ará Ifẹ̀ ti ń yọ́ gíláàsì o!

Lórí búlúù yẹn ni mo máa to stringer sí, àwọn gíláàsì tín-ín-rín 1 mm yẹn, búlúù tó fẹ́ẹ́rẹ́ ni mo fẹ́. Iná ẹ̀ ló gba ìrònú. Tí mo bá gbé e dé bíi 800°C gbogbo ẹ̀ á tẹ́ pẹrẹsẹ, á dán, àmọ́ ètù tó tẹ́ bẹ́ẹ̀ ò wù mí, bíi 740 ti tó, kó kàn lẹ̀ mọ́ ọn, kéèyàn fọwọ́ pa á kó mọ ibi tí òwú gbà.

Àlàárì ní wàhálà tiẹ̀. Ọ̀pọ̀ gíláàsì pupa ló ní selenium tàbí sulfur nínú, kọ́pà ló wà nínú gíláàsì turquoise, ìyẹn búlúù tó fẹ́ jọ àwọ̀ ewé, tí wọ́n bá ti fara kanra nínú iná, ìlà dúdú á yọ níbi tí wọ́n ti pàdé. Àwọn kan ní ká sá fún un. Kí ni mo fẹ́ sá fún? Ìlà ọ̀fẹ́ nìyẹn, tí mo bá ti mọ ibi tó máa gbà.

Gbogbo ẹ̀ ṣáà gbọ́dọ̀ jẹ́ COE kan náà, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ bí gíláàsì ṣe ń fẹ̀ tó tí iná bá mú un, ẹni tó bá po COE 90 mọ́ 96, gíláàsì ẹ̀ máa sán ni.

Sányán ni mi ò tíì rí gíláàsì ẹ̀, èyí tí mo rí, tí ò bá pupa jù á funfun jù. Ẹni tó bá mọ èyí tó sún mọ́ ọn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ sọ fún mi.