Ìrókò Àti Iná Ilé Wa Ló Kọ́ Mi Bí A Ṣe Ń Ra Ẹ̀rọ Ìfági

Ìlà tín-ín-rín kan wà lórí tábìlì tí a fi ń jẹun nílé wa ní Ìjọ̀kà, l'Ákùúrẹ́. Bí ẹ bá fi ìka tọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ pákó dé òpin rẹ̀, ẹ ó mọ̀ ọ́n lára bí òwú tí wọ́n tẹ́ sábẹ́ aṣọ. Sáńpépà lè pa á rẹ́, ṣùgbọ́n mo fi í sílẹ̀. Ọjọ́ tí òkúta inú ìrókò jẹ bíléèdì ẹ̀rọ mi àkọ́kọ́ ló ń rán mi létí.

Iṣẹ́ tíṣà ni mo ń ṣe, iṣẹ́ igi ni mo fi ń sinmi lẹ́yìnkùlé. Ó tó ọdún mẹ́ta tí mo fi ọwọ́ ń fá pákó. Bí pákó bá pọ̀, mo máa ń kó o lọ sí sọ́ọ̀mílì kí wọ́n fi thicknesser wọn bá mi fá a kó nípọn dọ́gba. Wọ́n á ní kí n dúró de iná, n ó sì dúró títí oòrùn á fi wọ̀. Nígbà tó sú mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú owó láti ra tèmi.

Kí n tó ra á, mo lọ bá bàbá káfíńtà kan tí ṣọ́ọ̀bù wọn wà ní Ìsìnkàn. Mo ní mo ti rí tòkunbọ̀ kan tó ń gba pákó tó fẹ̀ tó ìnṣì 13. Bàbá ò tilẹ̀ dá sí ọ̀rọ̀ fífẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ní, "Tíṣà, irú iná wo ló ń jẹ? Igi wo lo sì fẹ́ máa fi fá?" Mo ní, "Bàbá, gbogbo igi ni." Wọ́n mi orí, wọ́n padà sídìí iṣẹ́ wọn. Mo rò pé wọn ò mọ̀ nípa ẹ̀rọ ìgbàlódé ni. Ó ń dùn mí títí dòní pé mo rò bẹ́ẹ̀, torí ìbéèrè méjèèjì yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ti iná. Amẹ́ríkà ni ẹ̀rọ náà ti wá, volt 120 ni wọ́n ṣe é fún, tiwa sì jẹ́ 230. Ẹni tó tà á ò sọ, èmi náà ò sì ka ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Oníná àdúgbò wa ló kà á kí n tó kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọjọ́ yẹn gan-an ni ì bá jó. Ó di dandan kí n ra tìráńsífọ́mà tí ń sọ 230 di 120. Ampere 15 ni ẹ̀rọ náà ń fà. Ẹ fi 15 sọ 120 di púpọ̀, watt 1,800 nìyẹn. Nítorí náà tìráńsífọ́mà kékeré ò lè gbé e, 3 kVA (bíi watt 3,000) ni mo rà, owó tí n kò sì fi sí ìṣirò nìyẹn. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí à ń pè ní "I pass my neighbour" ò tilẹ̀ gbọdọ̀ sún mọ́ ọn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni agbára iná kì í dọ́gba látàárọ̀ dalẹ́. Bí ilẹ̀ bá ṣú, tí gbogbo ilé bá tan nǹkan wọn, gílóòbù wa á máa pọ́n bí epo. Mo fá pákó lásìkò bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ohùn ẹ̀rọ wálẹ̀, pákó dúró láàárín rólà, òórùn wáyà jíjó gba gbogbo ibẹ̀. Nígbà tí oníná yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní wáyà 1.5 mm tí mo fi fa iná láti inú ilé wà lára ohun tó fà á, torí ti gílóòbù nìyẹn. Ó fi 4 mm rọ́pò rẹ̀. Láti ìgbà náà, àárọ̀ Sátidé ni mo ń fá pákó.

Lójú tèmi, ẹni tó ń ra ti ilé níbí, kó wá èyí tí ń jẹ volt 220 sí 240. Makita 2012NB, fún àpẹẹrẹ, wà ní irú iná bẹ́ẹ̀. Ìnṣì 12 ni, watt 1,650. Ìnṣì kan tó fi dín sí ìnṣì 13 tí mo lé kiri kò tó nǹkan rárá. Àwọn ògbólógbòó onírin láti ìlú Gẹ̀ẹ́sì dára, wọ́n wúwo, pákó kì í gbọ̀n lórí wọn, ṣùgbọ́n ẹ wo mọ́tọ̀ wọn dáadáa: ọ̀pọ̀ ló jẹ́ phase mẹ́ta, phase kan ló sì wà nínú ọ̀pọ̀ ilé.

Ó wá ku igi. Arère àti ọmọ rọ̀, ẹ̀rọ tó bá ṣáà ní bíléèdì lè fá wọn. Ìrókò ni kí ẹ bẹ̀rù. Nǹkan funfun líle kan máa ń dì sínú rẹ̀, calcium carbonate ni, òun là ń pè ní òkúta ìrókò, ẹ kì í sì í rí i látìta. Mo gbọ́ ìró kan, "káù!", bí ẹni fi òkò lu páànù, pákó sì jáde pẹ̀lú ìlà yẹn lára. Bíléèdì ẹ̀rọ mi jẹ́ pẹlẹbẹ tí a kì í pọ́n. Bó bá ti bàjẹ́, ẹ ju ú nù ni. Mo wá irú rẹ̀ káàkiri Àkúrẹ́, kò sí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni ẹ̀rọ fi jókòó lásán.

Ìgbà tí mo ti padà lọ bẹ Bàbá ni wọ́n fi ohun kan hàn mí. Wọ́n tú ìdè ọ̀kan nínú àwọn bíléèdì náà, wọ́n sún un sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan díẹ̀, bí ìbú ìrẹsì kan, wọ́n dè é padà. Ibi tó ti kán lára èyí àti ibi tó ti kán lára èkejì ò wá ṣe déédéé mọ́, bí ọ̀kan bá fo ibì kan, ìkejì á gé e. Pákó tí mo fá lẹ́yìn ìyẹn ò ní ìlà mọ́.

Ẹ̀rọ tí mo ń lò báyìí, wọn ò fi bíléèdì gígùn sí i. Irin róbótó inú rẹ̀ ní àwọn bíléèdì onígun mẹ́rin kéékèèké tí wọ́n tò yí i ká. Bí òkúta bá jẹ ọ̀kan, màá yí ìyẹn nìkan sí ojú rẹ̀ tó mú, iṣẹ́ á máa lọ. Ó wọ́n ju tàtẹ̀yìnwá lọ. Ṣùgbọ́n fún wa tó jẹ́ pé ìrókò àti ọ̀gànwó ni igi wa, mo gbà pé ibẹ̀ ló yẹ kí owó lọ. Ọ̀gànwó tí iṣan rẹ̀ ń lọ síwá sẹ́yìn, tí ti tẹ́lẹ̀ máa ń fà ya, ń jáde níbẹ̀ ní dídán, bí mo bá ṣáà fá a díẹ̀díẹ̀, ìdajì mìlímítà lẹ́ẹ̀kan.

Ohun kan tún wà tí ẹni tó ń tà á kì í sọ: thicknesser kì í na pákó tó lọ́. Rólà á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, bíléèdì á fá a, bó bá jáde, á tún lọ́ padà, yóò kàn tín-ín-rín sí i ni. Bí ẹ ò bá ní ẹ̀rọ tí ń na ojú kìíní, ẹ gbé pákó náà lé plywood tó tẹ́jú, kí ẹ ki igi pẹlẹbẹ kéékèèké sábẹ́ gbogbo ibi tí kò bá ti kan ilẹ̀, kí ẹ fi gúlúù dè é kó má yẹ̀, kí ẹ wá kó méjèèjì gba inú ẹ̀rọ. Bí ojú òkè bá ti tẹ́, ẹ yọ plywood kúrò, ẹ yí pákó padà, kí ẹ wá fá ojú kejì. Pákó tútù láti sọ́ọ̀mílì ńkọ́? Ẹ tò ó, kí atẹ́gùn gba àárín rẹ̀ fún oṣù mélòó kan, torí bí ẹ tilẹ̀ fá a dọ́gba lónìí, yóò lọ́ tó bá gbẹ.

Ẹ bo imú àti etí yín. Ekuru ìrókò ń yún ara, ó sì ń dí èémí; èmi wúkọ́ fún ọjọ́ mẹ́rin kí n tó gbà.

Bí ẹ bá wá ń lọ wo tòkunbọ̀, ẹ gbé pákó ìrókò kan dání láti ilé, kó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta. Ẹ ní kí wọ́n tan ẹ̀rọ, kí ẹ fi pákó yín gba inú rẹ̀. Ẹ fi ìka tọ́ ọ bóyá ìlà wà, ẹ wo ìpẹ̀kun méjèèjì bóyá ó fá ibẹ̀ jìn ju àárín lọ, kí ẹ sì béèrè ibi tí wọ́n ti ń ra bíléèdì rẹ̀. Bí wọ́n bá ní kò síná tí wọn yóò fi tàn án, ẹ ní ẹ ó padà wá lọ́jọ́ tí iná bá wà.